Ẹ Fi Ìwé Sílẹ̀ Lórí Tábìlì

Áńkáṣíìfù funfun ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó mú un dání. Ọkùnrin gíga kan dúró láàárín pẹpẹ ìwé méjì ní òkè ilé-ìkàwé yunifásítì. Ó fi áńkáṣíìfù náà nu ẹ̀yìn ìwé tín-ín-rín kan, ó nu iwájú rẹ̀, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù, ó wá rọra tì í bọ àyè rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá bá ń tẹ́ ọmọ sùn. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé e léjìká. Ọmọbìnrin náà dá kẹ̀kẹ́ ìwé tó ń tì dúró. Ká má purọ́, ọkùnrin náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe yẹn, èèwọ̀ ni nínú ilé-ìkàwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà," ló wí.

Ọkùnrin náà yíjú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo pẹpẹ, ó tún wo ọmọbìnrin tó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́. "Kí ni mo jí?"

"Ẹ ò jí nǹkan kan. Àwọn tó ń jí i kì í nù ún." Ó nawọ́ sí ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. "Ẹ ò rí i ni? Ẹ fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwa la máa ń kó o nírọ̀lẹ́, a ó kà á sínú kọ̀ǹpútà, ká tó wá dá a padà. Ibẹ̀ la ti ń mọ ìwé táwọn èèyàn ń lò."

"Nílé tiwa, ẹni tó bá mú nǹkan ló ń dá a padà sáyè rẹ̀."

"Ibí kì í ṣe ilé yín."

"Mo ti rí i. Nílé wa, wọn kì í fi irú ojú yìí wo àlejò."

Ọmọbìnrin náà gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, torí òun gan-an ni wọ́n gbéṣẹ́ fún pé kó máa pa àwọn aláriwo lẹ́nu mọ́. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ìparí ìlà pẹpẹ náà, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ọkùnrin náà ṣì ń wò ó. Ó sọ ọ́ ní Dápadà nínú ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọmọbìnrin yìí ṣe dé ibẹ̀, torí òun kọ́ ló yàn án. Ẹ̀kọ́ òfin ló lóun fẹ́ kọ́. Ìgbà tí orúkọ àwọn tí yunifásítì gbà wọlé jáde, wọ́n ti jù ú sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣàkóso ìwé, àkọsílẹ̀ àti ìròyìn oríṣiríṣi. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá rẹ̀, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Ṣé odidi ọdún mẹ́rin lèèyàn fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé 'ẹ dákẹ́'?" Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ní ọdún kejì, olùkọ́ wọn kó wọn lọ sí yàrá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan. Wọ́n bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀ tó ti ń jókòó láti àárọ̀, nítorí pé wọn ò rí fáìlì rẹ̀, dókítà ò sì lè fún un lóògùn láì rí i. Fáìlì náà wà nínú yàrá yẹn o. Ẹnì kan ló kàn tì í bọ ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Olùkọ́ wọn ní, "Ohun tá ò bá rí lásìkò tá a nílò rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ohun tí kò sí." Ọjọ́ yẹn ni ẹkún òfin tán lójú rẹ̀. Ó padà sílé nígbà ìsinmi, ó to òwú ìránṣọ bàbá rẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, ó kọ orúkọ oníbàárà sára ìwé ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ tó jẹ́ pé igbe "níbo ni mo fi í sí" ló fi ń jí, tó fi ń sùn, kò pariwo mọ́, kò sì fi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pàdé, Dápadà padà wá. Ó kó òkìtì ìwé sórí tábìlì kan, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó jókòó ti tábìlì kejì, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí ìyìn. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wá kó wọn, ó rí ìwé nípa àpáta, ó rí ti omi, ó rí ti adìyẹ sísìn, ó wá rí ọ̀kan nípa ìtọ́jú aboyún.

"Èyí ńkọ́?" ló bi í, ó gbé ti aboyún sókè.

"Èèyàn gbọ́dọ̀ máa múra sílẹ̀. Ẹni bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù."

Ẹ̀rín tí ọmọbìnrin náà rín pọ̀ débi pé ẹlòmíì ló sọ pé kó dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oyè kejì ni ọkùnrin náà ń kà, nípa omi abẹ́ ilẹ̀. Ó ń pe ọmọbìnrin náà ní Ọ̀gá. Ẹ̀yìn ilé-ìkàwé ni wọ́n ti máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá dìde láì sọ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá àpilẹ̀kọ lórí kọ̀ǹpútà láì fi gbogbo ọjọ́ ṣòfò. Ọkùnrin náà ń bá a gbé àpò, ó ń fi agbòòrùn sin ín dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin bí òjò bá ń rọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí òjò ṣe ń dà wìì, ọmọbìnrin náà ní, "Sún mọ́ mi, ò ń tutù," dípò "ẹ̀ ń tutù." Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Kò tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Dápadà sọ gbogbo nǹkan fún un nípa ilé wọn, àyàfi ohun kan. Ó sọ pé bàbá òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi, pé ẹnu rẹ̀ wúwo, pé ẹni tó bá mú nǹkan tí kò dá a padà, àwọn méjèèjì ò ní ṣe ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé bàbá òun kọ ìwé. Kò sọ pé ìwé tín-ín-rín tí òun ń fi áńkáṣíìfù nù lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, ti bàbá òun ni. Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́. Ìwé yẹn nìkan ni ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń fi yangàn láyé, ó sì fẹ́ kí olólùfẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá fúnra rẹ̀.

Ohun kejì tún wà. Gbogbo ìwé yòókù, ó ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì bí Ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ti rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń ju ìwé sínú kẹ̀kẹ́ gbàgà gbàgà, kò sì lè fara dà á kí wọ́n ju ti bàbá òun. Torí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó bá ti kà á tán, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á nù ún, á dá a padà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ìfẹ́ náà ló sì kó bá a.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé ti kún pẹpẹ débi pé àwọn tuntun ń sùn nílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìkàwé, màmá kan tí kò gba gbẹ̀rẹ́, gbé pẹpẹ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti omi lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá. Ó ní kó yọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ kúrò níbẹ̀. Títu koríko ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é. Ìlànà rẹ̀ ò le: ìwé tí ẹnikẹ́ni ò yá láti ọdún pípẹ́, tí wọn ò sì bá lórí tábìlì rí, á gba òǹtẹ̀ pupa, á jáde.

Ó ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú kọ̀ǹpútà, ó tún mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wò. Ó rántí ọ̀kan dáadáa lẹ́yìn náà, torí pé ìwé náà ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ ó mọ́ tónítóní, kò ní eruku, etí ewé rẹ̀ kan ò ká. Kọ̀ǹpútà ní ẹnì kankan ò lò ó rí. Ó wò ó, kò wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ó ní òótọ́ ni, ìwé tí wọ́n ń lò kì í mọ́ báyìí. Ó lu òǹtẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń di àwọn ìwé náà lẹ́rù fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́, ó ní dandan ni kí wọ́n kọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ní, ta ló ń bi koríko pé ibo lo ń lọ? Ó ṣáà kọ ọ́. Màmá ọ̀gá yìn ín, wọ́n fún un ní máàkì tó ga jù lọ nínú kíláàsì rẹ̀.

Ìsinmi dé. Dápadà mú un lọ sílé kí àwọn òbí rẹ̀ lè rí i. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò, ọ̀rọ̀ àgbà ló kù, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti wí pé bí bàbá òun bá kọ ẹnì kan, òun ò ní fi tipátipá gbé onítọ̀hún wọlé. Pálọ̀ wọn kéré, ó mọ́. Gbogbo àga ló ní àyè tirẹ̀, aago ògiri ń lọ déédéé. Ìyá rẹ̀ di mọ́ àlejò náà lẹ́nu ọ̀nà, ó mú un jókòó. Bàbá wá, ó jókòó sí òdìkejì, ó bi í ní ohun tó kà.

Bó ṣe ṣàlàyé, ó ń retí ẹ̀rín tí àwọn àgbà máa ń rín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó sún síwájú lórí àga.

"Iṣẹ́ ńlá ni, ọmọ mi," ló wí. "Ìwé kan ṣoṣo ni mo kọ láyé mi. Nípa kànga ni. Mo pè é ní Omi Ń Bẹ Nísàlẹ̀. Ikán ti jẹ àwọn tó kù nílé, ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ ara mi gbé ọ̀kan lọ sí ilé-ìkàwé yín tipẹ́. Mo máa ń sọ fún ìyá wọn pé bí mo bá kú, kó mọ ibi tí mo wà. Ṣé ẹ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa?"

Dápadà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀ kó lè rí i bí ẹnu á ṣe yà á. Ẹnu yà á lóòótọ́, ó sì gbẹ. Ìwé tó mọ́ tónítóní yẹn padà sí i lójú, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀ àti òǹtẹ̀ pupa tó lù ú. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Tó bá ti lè sọ "bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n á gbé oúnjẹ jáde, ìyàwó á di ìyàwó. Ó wo ojú arúgbó náà, kò lè ṣe é.

"Bàbá, kò sí níbẹ̀ mọ́," ló wí. "Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Ẹ má bínú. Àkọsílẹ̀ wa ní ẹnì kankan ò lò ó rí."

Dápadà dìde. "Báwo lẹnì kankan ò ṣe lò ó? Èmi ń kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Mo máa ń..." Ó ti rántí ohun tó máa ń ṣe tó bá kà á tán.

Bàbá ò pariwo. Ó bi í ní ohun tí wọ́n ń pe yíyọ ìwé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọmọbìnrin náà ò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn.

"Koríko," ni Bàbá tún un wí. Ó dìde, ó tún àga rẹ̀ tò. "Ẹ fún àlejò lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó, ẹ má tíì bá mi sọ ọ́." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, kò sì jáde mọ́ títí àwọn ọmọ fi lọ.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń padà, wọ́n jà. Ọkùnrin náà ní kí ló dé tí kò fi ṣí ìwé náà kà kó tó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀rọ̀ tí òun kọ́kọ́ bá a sọ láyé ni pé kó má dá ìwé padà. Òótọ́ ni tàwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ìjà náà fi le. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ṣì wà nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un.

Ọmọbìnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó jókòó sáàárín àkísà, ó sọ gbogbo rẹ̀. Télọ̀ ò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní aṣọ tí òun bá gé ṣì, òun kì í jókòó ti í sunkún. Òun á kọ́kọ́ wá àjákù rẹ̀ rí ná. "Ìwọ lo sọ fún mi pé ohun tá ò rí kò yàtọ̀ sí ohun tí kò sí," ló wí. "Lọ wá a."

Ó padà sí ilé-ìkàwé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti ní kí wọ́n kọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ẹrù tí ìwé náà wà nínú rẹ̀ ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́yìn ìlú. Ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, inú yàrá kan tí wọ́n sọ di ilé ìwé kíkà ló ti bá tíṣà obìnrin tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Ìwé náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó là sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Wọ́n ti fi bébà àpò sìmẹ́ńtì bò ó. Ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ipa ìka wà ní etí gbogbo ewé, ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa kànga tó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ ya tán.

Tíṣà náà ṣàlàyé fún un. Kànga ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló máa ń gbẹ, wọ́n sì ti fẹ́ dí i pa. Òun rí ìwé yìí nínú ẹrù, òun kà á fún àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ síwájú, omi sì dé. Láti ìgbà náà, àwọn ará àdúgbò tó ní kànga ò jẹ́ kí ìwé náà sinmi. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé e lọ, òun á fi ìwé mìíràn tó tuntun rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́," ni tíṣà wí. Kò bínú, ó kàn ń sọ òótọ́. "Àwa ń lò ó."

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, kò sì gbé nǹkan kan lọ. Ilé Bàbá ló gbà lọ tààrà.

Ó bá a lẹ́yìn ilé, ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá dáhùn, kò gbójú sókè.

"Bàbá, mo ti rí ìwé yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e wá."

"Ó ti bàjẹ́?"

"Rárá, sà. Àwọn tó ń lò ó ni ò jẹ́ kí n gbé e."

Bàbá gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Bàbá wọlé lọ mú fìlà rẹ̀, ó wá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó wá mọ́tò kan, kó wá gbé àwọn lọ síbì kan, kó má bi òun ní ìbéèrè.

Dápadà bá wọn ṣe é. Bàbá jókòó sẹ́yìn, ó dijú, ó ní òun fẹ́ sùn. Àwọn méjèèjì jókòó níwájú. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi. O sọ fún mi pé kí n máa fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni."

"Èmi náà jẹ̀bi. Ó mọ́ jù, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo ṣàárò rẹ, ọkàn mi."

"Èmi gan-an ò lè wọ ilé-ìkàwé yẹn mọ́."

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀," ni Bàbá wí lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́."

Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fi àga fún Bàbá nídìí tábìlì. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó fi ìka tọ ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ara rẹ̀, ó ṣí ewé tó fẹ́ ya, ó tẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó tọrọ kálámù, ó wá ojú ìwé kan láàárín, ó fagi lé ọ̀rọ̀ kan, ó kọ òmíràn sórí rẹ̀. Ó ní àṣìṣe yẹn ti ń jẹ òun lọ́kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó pa ìwé dé, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Dápadà yọ áńkáṣíìfù, ó nu ẹ̀yìn ìwé náà, ó kọjú sí pẹpẹ.

"Dúró," ni Bàbá wí. "Kí ni ìyàwó wa sọ pé kí o máa ṣe?"

Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó di etí tábìlì mú. Dápadà yí padà, ó gbé ìwé náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin náà níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ náà.

"Ṣé o gbọ́ bí Bàbá ṣe pè ọ́?" ló bi í. "Ṣé wàá máa jẹ́ ẹ?"

"Màá máa jẹ́ ẹ," ló wí, ó sì ń sunkún ní gbangba lójú tíṣà àti Bàbá, ojú ò tì í.

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí. Télọ̀ ló rán aṣọ àwọn méjèèjì, kò sì wá ìwọ̀n wọn tì. Bàbá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn nígbàkúùgbà tí ara bá gbé e, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa kànga. Ìgbàkígbà tó bá dé ibẹ̀, orí tábìlì ló ń bá ìwé rẹ̀, ní ṣíṣí, pẹ̀lú ipa ìka tuntun. Kò sẹ́ni tó ń ráyè dá a padà.